Kí Ló Ń Mú Ọkàn Gbàgbé Ìlù Rẹ̀?

Ká sọ pé ìyá àgbà kan ní Àpòmù dìde lórí àpótí láti pàdé àlejò. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi ṣubú gbì. Ètè rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀. Kí wọ́n tó bu omi dé, ó ti dìde jókòó, ó ń béèrè ìdí tí wọ́n fi pé lé òun lórí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan á ti ní wárápá ni. Ẹlòmíràn á ní ebi ló gbé e ṣubú. Ẹ̀kẹta á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ẹ̀kẹrin á rẹ ohùn sílẹ̀ pé ayé ló ń bá a jà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ pé bóyá ọkàn ìyá náà dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá méje, kó tó rántí pé iṣẹ́ wà lọ́rùn òun.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkàn àgbàlagbà ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́, láti inú oyún ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló lè mú irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbàgbé?

Ká tó mọ ohun tó ń dá a dúró, ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń mú un lù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọpọlọ ni. Kì í ṣe ọpọlọ. Bí wọ́n bá yọ ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ jáde, tí wọ́n gbé e sínú omi iyọ̀ tó bá a mu, yóò máa lù lọ. Àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún nílé ìwòsàn ńlá, gbogbo iṣan tó so ọkàn náà pọ̀ mọ́ ọpọlọ ni wọ́n ti gé, síbẹ̀ ó ń lù láyà ẹni tuntun. Inú ọkàn fúnra rẹ̀ ni àṣẹ ti ń wá.

Ọkàn ní yàrá mẹ́rin: méjì lókè tó ń gba ẹ̀jẹ̀, méjì nísàlẹ̀ tó ń tì í jáde. Lókè pátápátá ní apá ọ̀tún, níbi tí iṣan ńlá tó ń kó ẹ̀jẹ̀ orí àti apá bọ̀ ti wọ yàrá òkè, ni ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, kò sì yàtọ̀ lójú sí ẹran tó yí i ká. Nínú ìwé yìí, kókó aṣíwájú ni a ó máa pè é. Ọdún 1907 ni Arthur Keith àti Martin Flack kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni Flack nígbà náà. Òun ló ń wo ọkàn ẹranko kékeré kan tó máa ń gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi nínú ilé Keith ní ìgbèríko Kent, tó rí i pé sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò jọ ti ibòmíràn. Nǹkan tó ń darí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ènìyàn wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì kọ́kọ́ fi ojú bà á.

Kí ló wá mú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí yàtọ̀? Sẹ́ẹ̀lì ẹran ọkàn yòókù máa ń dúró jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi rán wọn níṣẹ́. Ti kókó aṣíwájú kò mọ bí a ṣe ń dúró jẹ́ẹ́. Ẹ fojú inú wo igbá kan tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, lọ́nà tó jẹ́ pé bó bá ti kún, yóò dojú dé, yóò da omi nù, yóò sì padà sípò láti gba òmíràn. Kò sí ẹni tó ń tì í. Ẹ̀kán omi ló ń pinnu ìgbà tí yóò dà. Ohun tó ń kán sínú sẹ́ẹ̀lì wa ni àwọn èròjà iyọ̀, pàápàá sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù, tí wọ́n gbé agbára iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ń gba inú ihò tíntìntín ara sẹ́ẹ̀lì wọlé. Bí wọ́n bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, sẹ́ẹ̀lì náà á tú iná rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, iná náà á ràn dé yàrá òkè méjèèjì, potasíọ̀mù á sì jáde láti dá sẹ́ẹ̀lì padà sípò. Lẹ́yìn náà, kíkán á tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1979, Hilary Brown, Dario DiFrancesco àti Susan Noble ní Oxford ṣàlàyé ọ̀kan pàtàkì nínú ihò wọ̀nyí: kìkì ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú iná rẹ̀ tán ló ń ṣí, nígbà tí irú ihò mìíràn ń tì. Ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì náà kò fi lè sinmi.

Iná tó jáde kì í já lu yàrá ìsàlẹ̀ tààrà. Ó gbọ́dọ̀ gba kókó kejì kọjá ní àárín ọkàn, èyí tí Sunao Tawara, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Marburg ní Jámánì, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1906. Kókó àárín yìí ń dá iná dúró díẹ̀ kí yàrá òkè lè da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán. Òun náà mọ bí a ti ń lù fúnra rẹ̀, nǹkan bí ìgbà 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, àwọn okùn tó ń gbé iná lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ sì lè lù ní 20 sí 40. Bí kókó aṣíwájú ṣe yára jù wọ́n lọ ni kò jẹ́ kí àyè ṣí fún wọn. Bó bá dákẹ́, wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó jí.

Bí a bá fi kókó aṣíwájú sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, nǹkan bí ìgbà 100 ni yóò máa lù ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí a ń rí lọ́rùn ọwọ́ ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń jẹ́ 60 sí 100, púpọ̀ rẹ̀ sì wà nítòsí 70, nítorí pé oríṣi iṣan méjì ń ti ọpọlọ wá bá a. A ó pe ọ̀kan ní iṣan ìtají, èyí tó ń mú ẹ̀kán yára nígbà tí a bá ń sáré tàbí tí ẹ̀rù bà wá. A ó pe èkejì ní iṣan ìdẹ̀rọ̀, tó ń mú un falẹ̀. Lójú oorun, ìdẹ̀rọ̀ ló ń borí. Lára àwọn eléré ìje tó ti fi ọdún púpọ̀ sá eré, ọkàn lè máa lù ní 40 láìsí àìsàn kankan. Nítorí náà, ọkàn tó lọ́ra nìkan kò tó láti pe ẹnikẹ́ni ní aláìsàn. Bákan náà ni ọkàn tó ń sáré nígbà ibà, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára, tàbí nínú oyún, àṣẹ ló ń jẹ́. Ibà ni kí ẹ tọ́jú, ẹ fi ọkàn sílẹ̀.

Àbùkù tòótọ́ pín sí ọ̀nà méjì. Nígbà mìíràn kókó náà ló bàjẹ́. Nígbà mìíràn ara rẹ̀ le koko, nǹkan mìíràn ló so ọwọ́ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé kókó ló bàjẹ́, ọjọ́ orí ló sábà máa ń fà á. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, sẹ́ẹ̀lì aṣíwájú ń dín kù, ẹran yíyi tó dà bí àpá sì ń gba ipò wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ń fa ọkàn gbòòrò, ó ń sọ ẹran rẹ̀ di yíyi ṣáájú àsìkò. Ní ẹkùn tiwa níbí, n kò rí ọ̀tá ọkàn tó ju èyí lọ: iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ọkàn wọn kò lè gbé iṣẹ́ mọ́. Dídí iṣan tó ń bọ́ kókó náà lẹ́jẹ̀ lè ba á jẹ́, àìsàn ẹran ọkàn lè ba á jẹ́, irú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Fálaṣe fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lé lórí ní UCH Ìbàdàn. Àwọn díẹ̀ sì wà tó jẹ́ pé àjogúnbá ni, ihò ara sẹ́ẹ̀lì wọn kò pé láti inú oyún.

Bí àpá bá ti gba ibẹ̀, igbá lè máa pẹ́ kó tó kún. Ó sì lè kún, kó dà, kí omi má rí ọ̀nà jáde: kókó ń ṣiṣẹ́, àpá tó yí i ká kò jẹ́ kí iná rẹ̀ ràn. Èyí tó ń dá àwọn àgbà ṣubú jù lọ ni oríṣi kẹta. Yàrá òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní wàrà-wàrà láìtẹ̀lé àṣẹ, àyà á máa já lùlù-lùlù. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, gbígbọ̀n náà á dáwọ́ dúró lójijì. Ó yẹ kí kókó aṣíwájú gba iṣẹ́ rẹ̀ padà lẹ́sẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kókó tó ti gbó kò tètè jí. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ kò dé orí, ènìyàn á sì ṣubú. Bernard Lown ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí irú rẹ̀ ní ọdún 1967 lára àwọn aláìsàn tí wọ́n fi iná dá gbígbọ̀n ọkàn wọn dúró. Bí ìyá àgbà wa bá sọ pé àyà òun ti ń já láti àárọ̀, tó sì rọ̀ wọ̀ọ̀ kí òun tó ṣubú, ó ti sọ ohun tí dókítà fẹ́ gbọ́.

Ọ̀nà kejì, níbi tí nǹkan mìíràn ti so ọwọ́ kókó, ló dùn mí jù, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣeé yẹra fún.

Ní ilẹ̀ Kàlàbá, àwọn Ẹ́fíìkì ní ẹ̀wà igbó kan tí wọ́n ń pè ní esere. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n máa ń fún jẹ láyé àtijọ́: bó bá bì í, ó mọ́, bó bá kú, ó jẹ̀bi. Ní ọdún 1855, Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Edinburgh, jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀wà náà láti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Kí ni ẹ̀wà náà ń ṣe? Ìdáhùn wá láti ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria, ní ọdún 1921. Otto Loewi ru iṣan ìdẹ̀rọ̀ ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ kan sókè, ọkàn náà lọ́ra. Ó wá fa omi tó wà lára rẹ̀, ó dà á sórí ọkàn kejì tí kò ní iṣan kankan. Ìyẹn náà lọ́ra. Ó ní ojú àlá ni òun ti rí bí òun ṣe máa ṣe é. Ó hàn gbangba pé nǹkan olómi ni iṣan ìdẹ̀rọ̀ fi ń ránṣẹ́, acetylcholine sì ni. Òun ló ń dín ẹ̀kán inú igbá wa kù. Lára tó dá ṣáṣá, kì í pẹ́ nílẹ̀: èròjà kan wà tó ń gé e wẹ́wẹ́ lọ́gán. Májèlé inú esere ń de èròjà agéni yìí lọ́wọ́, acetylcholine á wá kóra jọ títí ọkàn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Esere kò sí lọ́jà Àpòmù, ṣùgbọ́n ìbátan iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ilé. Dichlorvos, tó wà nínú Sniper, àti ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sóko, èròjà agéni kan náà ni wọ́n ń dè. NAFDAC fòfin de títa dichlorvos nínú ìgò kékeré ní ọdún 2019, síbẹ̀ a ṣì ń rí àwọn tó ń fín in sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹni tó fín oògùn lóko kòkó láìbo imú, tí afẹ́fẹ́ dá a padà sí i lára, ọkàn rẹ̀ lè kọ́kọ́ sáré, kó tó wá lọ́ra. Itọ́ á máa dà, omijé á máa ṣàn, òógùn á bò ó, ẹyinjú dúdú á fún bí orí abẹ́rẹ́, àyà á kún fún omi. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Epo pupa kò lè tú májèlé yìí, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn tó ń dáàbò bo ọkàn lọ́wọ́ acetylcholine ni atropine, ilé ìwòsàn ló sì ti ń rí i gbà.

Oògùn tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ náà lè so kókó lọ́wọ́. Propranolol àti atenolol ń dí etí ọkàn sí iṣan ìtají. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, àmọ́ fún ẹni tí kókó rẹ̀ ti gbó, wọ́n lè pọ̀ jù. Verapamil àti digoxin náà lè so kókó lọ́wọ́, lọ́nà tiwọn. Reserpine, tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń pè ní Brinerdin, ń tú ohun tí iṣan ìtají fi ń ránṣẹ́ dànù. Reserpine yìí kan náà wà nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, igi tí àwọn babaláwo wa ti fi ń tọ́jú wèrè kí oyìnbó tó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń lo Brinerdin lówùúrọ̀, tó tún ń mu àgbo asofẹ́yẹjẹ lálẹ́, ohun kan náà ló ń lò lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń fura sí ni oògùn ojú. Àwọn àgbà tó ní gilakómà sábà máa ń gba timolol tí wọ́n ń kán sójú. Ojú àti imú ní ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀kán kan ṣoṣo lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó dé ọkàn láìgba inú ikùn kọjá rárá. Ẹ má sì torí èyí jù ú nù, ojú lè fọ́. Bí ẹ bá ti kán an tán, ẹ di ojú, ẹ fi ìka tẹ igun ojú tó kángun sí imú fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ sì sọ fún dókítà tó ń tọ́jú ọkàn yín pé ẹ ń lò ó.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Mo dé orí dòdò Ìkirè, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n á béèrè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rà, tí wọ́n po ata àti iyọ̀ mọ́, tí wọ́n din nínú epo pupa títí ó fi dúdú: potasíọ̀mù pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá ń tọ èyí tó bá ṣẹ́ kù dànù, ẹni tí tirẹ̀ bá dá ṣáṣá kò ní ìjà kankan pẹ̀lú dòdò yàtọ̀ sí ti iyọ̀ àti epo. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, potasíọ̀mù ń kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti pọ̀ jù níta sẹ́ẹ̀lì, ti inú kò lè jáde dáadáa mọ́, igbá kò lè dà tán. Igbá tí kò dà tán, kíkún rẹ̀ kò nítumọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún ń lo atenolol, tó jẹ́ pé kíndìnrín ló yẹ kó gbé e jáde, oògùn náà á kóra jọ, ọkàn á lọ́ra sí i, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín á dín kù, potasíọ̀mù á tún pọ̀ sí i. Mo fẹ́ kí gbogbo ilé tí a ti ń tọ́jú kíndìnrín mọ àyípo yìí, nítorí pé ó ń pani, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn lè já a láàárín wákàtí díẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ tó mú kí èròjà ọ̀fun má tó náà lè fa ọkàn sẹ́yìn, oògùn oníkóró ojoojúmọ́ sì ń tún un ṣe.

Báwo la ṣe ń mọ ìdákẹ́ ọkàn yàtọ̀ sí wárápá? Ọpọlọ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ lè mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ̀n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣì í pè. Lẹ́yìn wárápá ńlá, orí ènìyàn á ṣì dàrú fún ìgbà pípẹ́, oorun á máa kùn ún, ó sì lè ti gé ahọ́n jẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ló dákẹ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti padà, ojú rẹ̀ á mọ́ kedere, ó sì mọ orúkọ gbogbo yín. Ẹ fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lápá àtàǹpàkò, ẹ kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bó bá wà lábẹ́ 50, tí òòyì tàbí ìdákú sì wà ńbẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, tòun ti oògùn ojú àti àgbo, ẹ gbé e dání. Láti Ìkirè, UCH wà lápá Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti OAU wà lápá Ifẹ̀, ojú títì kan náà ló sì lọ síhà méjèèjì. Àyẹ̀wò ECG, tó ń ya bí iná ọkàn ṣe ń lọ sórí ìwé, kì í pẹ́, àmọ́ ọkàn lè ṣe dáadáa lójú dókítà. Nígbà náà, wọ́n á so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn láyà fún wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè ká a mọ́ ibi tó ti ń dákẹ́.

Bó bá jẹ́ oògùn tàbí májèlé ló so kókó lọ́wọ́, títú u sílẹ̀ tó. Bó bá jẹ́ àpá, kò sí oògùn tó ń sọ àpá di sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ ni wọ́n á fi sí i, amọ́kànlù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958 ní ilẹ̀ Sweden, Åke Senning àti Rune Elmqvist fi èyí àkọ́kọ́ sínú ara Arne Larsson, tí ọkàn rẹ̀ máa ń dá a ṣubú léraléra lóòjọ́. Agolo ìpara bàtà ni wọ́n fi ṣe ìdà tí wọ́n da ẹ̀rọ náà sí. Wákàtí díẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Larsson lo ẹ̀rọ 26 láyé rẹ̀, ó sì kú ní ọdún 2001, lẹ́ni ọdún 86, kì í ṣe ọkàn ló pa á.

Ti òde òní kò tóbi ju àpótí ìṣáná lọ. Abẹ́ awọ nísàlẹ̀ eegun èjìká ni wọ́n ń fi í sí, okùn rẹ̀ á gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn. Bí kókó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ á dákẹ́. Bó bá pẹ́ jù, ẹ̀rọ á lu ìlù kan. Owó rẹ̀ ni ìṣòro. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà kò lè rí i san, ó sì ń bí mi nínú pé ẹni tí okùn kan ṣoṣo lè gbà là ń jókòó sílé de ìṣubú tó kàn. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Michigan ti ń gba ẹ̀rọ lára àwọn tó ti kú, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń tún un ṣe. Èsì ìdánwò wọn ní orílẹ̀-èdè méje, tí Nàìjíríà wà lára wọn, jáde ní ọdún 2024, ó sì fi hàn pé ẹ̀rọ àlòkù náà kò rẹ̀yìn sí tuntun.

Ẹni tí wọ́n bá fi sí lára lè rìnrìn àjò, ó lè jẹ dòdò bí kíndìnrín rẹ̀ bá gbà á láyè, ó lè dúró ní ìdí ẹ̀rọ ìlọta bí kò bá fi àyà ti mọ́tò rẹ̀. Kó má ṣe fi fóònù sí àpò àyà lápá ibi tí ẹ̀rọ wà, kó sì máa lọ fún àyẹ̀wò bátìrì, èyí tó sábà máa ń lò tó ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀.